Ṣé Ẹ Gbà Á?

Alágbàfọ̀ ni mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sì ń sọ jù lọ láyé mi ni "mo gbà á." Ẹni tó bá fi aṣọ ránṣẹ́ á pè mí, á ní ṣé ẹ gbà á, màá ní mo gbà á. Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, tí mo lọ̀ ọ́, tí mo fi ránṣẹ́ padà, èmi ni màá tún pè, màá bi onítọ̀hún pé ṣé ẹ gbà á, òun náà á ní òun gbà á. Bí a ṣe ń bá a yí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú nìyẹn. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé ẹnu mi kì í bi ọkàn mi léèrè mọ́ kó tó dáhùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí mi mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò mi ná, torí òun ló dá ìjàngbọ̀n yìí sílẹ̀, inú rẹ̀ sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Ódọ̀la là ń pè é nínú ilé, nítorí kò sí ohun tí wọ́n máa ní kó ṣe tí kò ní sọ pé ó di ọ̀la. Ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ó mọ èèyàn kí, kì í bínú. Ìyà tó bá sì yẹ kó jẹ ẹ́, ẹlòmíràn ló máa ń jẹ ẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ló fi ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà dákú, ó lọ yá owó lọ́wọ́ àwọn kan tó ń yá èèyàn lówó lórí fóònù. Ọjọ́ sísan pé, kò rí i san, ó yá ti ibòmíràn láti fi dí ti àkọ́kọ́, ó tún yá òmíràn láti fi dí ìyẹn. Owó ṣogúndogójì ni gbogbo rẹ̀. Kó tó mọ̀, gbèsè ti mù ún dé ọrùn. Ní gbogbo àkókò yẹn, bó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀rín náà ló ń rín.

Ṣọ́ọ̀bù mi ò tóbi, ṣùgbọ́n tèmi ni. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá kan wà lọ́wọ́ òsì béèyàn bá wọlé, tó bá ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ilẹ̀ á máa gbọ̀n. Tábìlì tí mo fi ń lọṣọ wà láàárín, irin tí mò ń fi aṣọ kọ́ wà lókè, kò sì sí aṣọ kan níbẹ̀ tí mi ò fi pín-ìn-nì há nọ́ńbà mọ́ lọ́rùn. Òórùn ọṣẹ àti ti sítáàṣì kì í lọ níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Yàrá kan wà lẹ́yìn tí mò ń sùn sí. Kí n tó san owó ibẹ̀ tán, mo fọ aṣọ àwọn èèyàn títí èékánná ọwọ́ mi fi rọ̀ bí ìwé tó bọ́ sómi. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé òun fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ṣé ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín sí i?

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí, Ódọ̀la ti ní òun ń fi àpò kan ránṣẹ́, kọ́tìnnì oníbàárà rẹ̀ kan. Àpò náà ti dé láàárọ̀. Ẹ̀rọ ń pariwo, èmi ń lọ ẹ̀wù lọ́wọ́, mo fi èjìká há fóònù mọ́ etí. Obìnrin kan ló pè, ohùn rẹ̀ tutù nini.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ kú làálàá."

"Ẹ ṣé o."

"Ti àbúrò yín ni mo fi ń pè, mà. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Ṣé ẹ gbà á?"

"Mo gbà á o."

"Gbogbo rẹ̀, mà?"

"Gbogbo rẹ̀ kẹ̀! Ṣé ààbọ̀ ni kí n gbà ni?"

"Ẹ ṣé, mà. Tí nǹkan kan bá wá ṣe é ńkọ́?"

Ohun tí àwọn oníbàárà máa ń béèrè náà nìyẹn, pàápàá àwọn tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ lórí aṣọ wọn. Mo rẹ́rìn-ín.

"Tó bá bàjẹ́, ọrùn mi ló wà. Ta ni wọ́n tún fẹ́ mú yàtọ̀ sí mi?"

"Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọlọ́run á bù sí i."

Mo ní àmín, mo sì ń bá aṣọ mi lọ.

Ìgbà tó pè lẹ́ẹ̀kejì, òjò ń rọ̀, mo ń kó aṣọ wọlé. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó kí mi kú làálàá, ó wá ní ọjọ́ ti pé.

"Ọjọ́ kí ni?"

"Ọjọ́ owó wa, mà. Àbúrò yín ò gbé fóònù mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà á fún un la wá ń bá sọ ọ́."

Mo ní bóyá orí rẹ̀ ò pé ni. Mo tún sọ àwọn nǹkan mìíràn tí mi ò ní tún sọ níbí. Kò bínú rárá. Ó ní kí n jọ̀ọ́ fetí sílẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀ lé e ni ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ mi, lẹ́yìn náà ni ohùn mi: mo gbà á, gbogbo rẹ̀ kẹ̀, ọrùn mi ló wà. Mo gbọ́ ẹ̀rín tí mo rín. Mo gbọ́ àmín mi. Wọn ò gé nǹkan kan kúrò níbẹ̀, wọn ò sì fi nǹkan kan kún un, ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Aṣọ tí mo kó dání bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀, mi ò sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

Mi ò mọ orúkọ obìnrin náà. Ẹkú-làálàá ni mò ń pè é nínú ọkàn mi láti ọjọ́ yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan wọlé. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gún régé, èmi náà mọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa nígbà tí mo bá rí i. Ó kí mi, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Mo bi í pé aṣọ dà, ó ní òun ò gbé aṣọ wá. Mo bi í pé kí ló wá ṣe nígbà náà, ó ní òun kàn ní kí òun jókòó ni. Ó sì jókòó títí mo fi ti ìlẹ̀kùn. Ó tún wá lọ́jọ́ kejì, ó tún wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Kò halẹ̀, kò bú mi. Tí oníbàárà bá wọlé, á sún fún un, á ní ẹ káàbọ̀, bí ẹni pé òun ló ni ibẹ̀. Àwọn oníbàárà á wò ó, wọ́n á wò mí, wọ́n á yára gba aṣọ wọn.

Ìgbà tó yá, ó yọ téèpù jáde nínú àpò. Ó wọn ẹ̀rọ ìfọṣọ mi ní gígùn, ó wọ̀n ọ́n ní ìbú, ó wá lọ wọn ẹnu ọ̀nà bóyá ẹ̀rọ náà á gba ibẹ̀ jáde. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lẹ bébà kékeré kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà. Èmi tí mò ń há nọ́ńbà mọ́ aṣọ aláṣọ! Ó ní "ẹ ṣé, mà," ó padà lọ jókòó.

Ọgbà mẹkáníìkì ni mo ti rí Ódọ̀la. Inú ọkọ̀ rẹ̀ tí kò lè rìn mọ́ ló ń sùn.

"Jáde síbí."

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

"Èmi ni kí n má pariwo? Ìwọ lo fún wọn ní nọ́ńbà mi?"

"Wọ́n ní kí n mú onídùúró wá ni. Mo rò pé tí wọ́n bá pè yín, ẹ máa kọ̀."

"O rò pé màá kọ̀, o ò sì lè sọ fún mi tẹ́lẹ̀?"

"Mo fẹ́ sọ fún yín, Àǹtí."

"Nígbà wo?"

Ó wolẹ̀. Àwa méjèèjì la mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ó ti rù. Ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ ń fì, mo sì rí i pé kò fọ̀ ọ́, òun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ alágbàfọ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n gbá a létí, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Ó ní òun ti rò ó síwá sẹ́yìn, pé ohun tó dáa jù ni pé ká sá lọ.

"Ká sá lọ? Ṣé kí n gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ karí kí n máa sáré ni?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ló bá bú sẹ́kún.

Mo lọ bá lọ́yà kan tí mò ń bá fọ ẹ̀wù. Ó bi mí pé ṣé ohùn mi ni àbí ohùn mi kọ́. Mo ní ohùn mi ni. Ó ní a lè gbé wọn lọ sí kóòtù, ó ṣeé ṣe ká jàre wọn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà á pẹ́ nílẹ̀, ọkùnrin onítéèpù náà á sì máa jókòó lọ́dọ̀ mi títí á fi parí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹ̀wù òun ti gbẹ.

Mo wá ní màá lọ bá wọn lójúkojú. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ọ́fíìsì wọn wà, lókè ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn, mo ti ká ọwọ́ aṣọ mi sókè. Àfi bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn tí mi ò rí ẹni tí mo lè bá jà. Yàrá gígùn kan ni. Àwọn èèyàn jókòó lọ ní ìlà, kálukú fi nǹkan bo etí, kálukú ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sínú fóònù. Ìkíni ni gbogbo ohun tí mò ń gbọ́. Ẹ kú ìjókòó o, sà. Ẹ kú ọmọ lọ́wọ́, mà. Ẹ kú àárẹ̀, Bàbá. Ẹ kú àtàárọ̀. Kò sí ẹni tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa kí. Wọ́n gbọ́ ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn ẹni tí wọ́n ń pè, wọ́n gbọ́ ikọ́ rẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n sì kí i bó ṣe yẹ, onítọ̀hún á sì dá wọn lóhùn, torí ta ló máa ń kí èèyàn dáadáa tí èèyàn ò ní dá lóhùn? Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀ ju bí ì bá ṣe bà mí ká ní ọ̀pá ni wọ́n mú dání.

Mo mọ ohùn Ẹkú-làálàá kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ó tó ọjọ́ orí mi. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó fi àga lọ̀ mí.

"Ẹ kú àtẹ̀gùn, mà."

"Ẹ má kí mi," mo ní. "Mi ò fẹ́ ìkíni yín."

"Kò burú, mà. Inú máa ń bí gbogbo wa tá a bá kọ́kọ́ débí." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni èmi gbà fún. Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò ní ilé. Ẹni tí kò bá ní nǹkan kan, wọ́n á ní kó wá jókòó síbí kó máa pè. Ṣùgbọ́n tiyín ò le tó bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ ní oníbàárà."

"Kí ló kan àwọn oníbàárà mi nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá gbà lára wọn, díẹ̀ á kúrò lọ́rùn yín, á bọ́ sí tiwọn. Nọ́ńbà kan wà tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ pè, kó lè máa gbọ́ yín. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa wá pe oníbàárà yín. Ẹ sáà bi wọ́n ní ohun tẹ́ ẹ máa ń bi wọ́n tẹ́lẹ̀."

Kò kọ́kọ́ yé mi. Nígbà tó yé mi, mo na ìka sí i.

"Wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n ń gbà."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ni, mà?"

Ó kọ nọ́ńbà náà sórí bébà, ó tì í sí iwájú mi. Mo mú un. Mi ò fẹ́ purọ́, mo mú un.

Nọ́ọ̀sì kan wà tí mò ń bá fọ yúnífọ́ọ̀mù funfun rẹ̀. Obìnrin onínúure ni, kò gbé owó mi sílẹ̀ rí, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń fi nǹkan lé e. Òun ni mo kọ́kọ́ ronú kàn, kí Ọlọ́run má bi mí. Mo pe nọ́ńbà ti orí bébà náà, ó dún díẹ̀, ó dákẹ́, bí ìgbà tí ẹnì kan dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Mo wá pe Nọ́ọ̀sì.

"Alágbàfọ̀ mi àtàtà! Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti jẹun lónìí? Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò ti gbọ́ ohùn yín."

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni mo fẹ́ sọ. Mo ti sọ ọ́ fún un láìmọye ìgbà. Onítéèpù gbé ojú sókè lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ẹnu mi. Mo wo ẹ̀rọ mi àti nọ́ńbà ara rẹ̀. Mo rí i bí ibẹ̀ ṣe máa rí tí wọ́n bá gbé e lọ tán, omi tó máa wà nílẹ̀ àti ògiri tó máa funfun lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní màá kàn sọ ọ́, ó ti tán.

"Hẹ́lò? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí o," mo ní. "Mo kàn ní kí n kí yín ni."

Mo pa fóònù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbára lé ẹ̀rọ náà. Mo sọ fún Onítéèpù pé kó lọ jíṣẹ́ fún wọn pé mi ò ṣe, pé kí wọ́n wá ohun tí wọ́n máa fi mí ṣe. Ó ní "ẹ ṣé, mà."

Ìbínú yẹn náà ni mo fi pe Ódọ̀la, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un: ọ́fíìsì náà, ohun tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe fún àwọn tí mò ń jẹ lára wọn, bí mo ṣe kọ̀. Mo fẹ́ kí ojú tì í.

"Àǹtí," ó ní, "nọ́ńbà wo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè?"

Mo rò pé ẹnu ló ń yà á. Mo kà á fún un.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Onítéèpù wọlé láàárọ̀, kò jókòó. Ó lọ síbi ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ṣí bébà nọ́ńbà náà kúrò, ó ká a sínú àpò.

"Ẹ kú oríire, mà," ó wí, ó sì jáde lọ.

Mi ò mọ ohun tí màá rò. Mo ní bóyá ojú ló tì wọ́n. Mo ní bóyá lọ́yà ti bá wọn sọ̀rọ̀. Ìdùnnú kì í jẹ́ kéèyàn béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo fọ aṣọ, mo ń kọrin, mo lọ aṣọ, mo ń kọrin. Nígbà tó di ọ̀sán, mo ní kí n pe ìyá mi kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Òun nìkan ló ń gbé ilé tí bàbá wa kọ́ kó tó kú. Yàrá mẹ́ta ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́.

"Màmá, ẹ kú ilé."

"O ṣé, ọmọ mi. Dúró ná." Mo gbọ́ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. "Ẹ rọra, igun yẹn ti sán." Ó padà sórí fóònù.

"Ta nìyẹn, Màmá?"

"Ọmọ dáadáa kan ni. Ó ń wọn ojú ilé."

"Kí ló fi ń wọ̀n ọ́n?"

"Téèpù. Bóyá ti iná ìjọba ni, èmi ò mọ̀."

Ohùn rẹ̀ fúyẹ́ jù. Ìyá mi kì í jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan ògiri rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ baba tó bí i.

Mi ò rántí pé mo ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo kọjá sí ọgbà mẹkáníìkì, mo fa Ódọ̀la jáde ní kọ́là ẹ̀wù, kò bá mi jiyàn, kò bi mí pé ibo là ń lọ. Nígbà tá a dé ìdí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní òun ò lè gòkè. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹkú-làálàá rí mi, kò kí mi. Ó na ohun tí wọ́n fi ń bo etí sí mi, ó tẹ nǹkan kan.

"Màmá, ẹ kú ilé o." Ohùn Ódọ̀la nìyẹn. "Àǹtí ní kí n bi yín, ọṣẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ṣé ẹ gbà á?"

"Ọṣẹ wo?"

"Ẹ sáà ní ẹ gbà á, Màmá."

"Kò sẹ́ni tó fi ọṣẹ ránṣẹ́ sí mi. Kí ló dé tí ohùn rẹ ń gbọ̀n?" Ìyá mi ò dúró de ìdáhùn. "Gbèsè tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún mi yẹn ni, àbí?"

Mo gbọ́ ẹkún àbúrò mi, irú èyí tó máa ń sun nígbà tó wà ní kékeré tí wọ́n bá mú un níbi tó ti ń jí ṣúgà.

"Tí mo bá ní mo gbà á, ṣé wọ́n á fi ọ́ sílẹ̀?"

"Wọ́n á fi mí sílẹ̀, Màmá. Wọ́n á fi Àǹtí náà sílẹ̀."

"Ó dáa. Mo gbà á. Má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo yọ nǹkan náà létí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀, tí mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu tèmi, tí mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, mi ò gbọ́ ọ rí báyẹn. Ẹni tó sọ ọ́ mọ ohun tó ń gbà. Mo fẹ́ bú sẹ́kún, ìbínú ò jẹ́ kó jáde. Inú ń bí mi sí Ódọ̀la, inú ń bí mi sí ìyá mi pàápàá tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ọmọ yìí bá ti ṣubú, òun ló máa ń tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

"Kí ni mo lè ṣe?" mo bi obìnrin náà.

Kò wo ojú mi. "Ilé Màmá, mà. Tàbí àwọn oníbàárà yín. Tàbí ṣọ́ọ̀bù yín. Tẹ́ ẹ bá lọ sí kóòtù, Màmá ni wọ́n máa pè wá sọ̀rọ̀ báyìí, torí ohùn tiwọn ò rújú."

Ó jọ pé mo ti mọ̀ kí n tó gun àtẹ̀gùn. Mo ní kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù mi, pẹ̀lú ẹ̀rọ, pẹ̀lú yàrá ẹ̀yìn. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n dá aṣọ àwọn aláṣọ padà fún wọn. Mo sì ní mi ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan àfi tí wọ́n bá pa ohùn ìyá mi rẹ́ níṣojú mi. Wọ́n pa á rẹ́. Mo fọwọ́ sí i.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà," Ẹkú-làálàá wí. Mo rò pé ó ti inú rẹ̀ wá. Ó fi nǹkan bo etí rẹ̀ padà, mo sì gbọ́ tó ń kí ẹlòmíràn kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ódọ̀la ṣì dúró síbi tí mo fi í sí, létí títì, àwọn ọkọ̀ ń kọjá lára rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé wọ́n gbà?"

"Wọ́n gbà á."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń fò bí ọmọdé lójú gbogbo èèyàn. Mo jẹ́ kó fò díẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n gbà," mo ní. "Wọ́n ti fi ilé Màmá sílẹ̀. Mi ò níbi tí mo máa sùn mọ́ tí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ lọ. O ti yé ẹ báyìí?"

Ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀ rárá mọ́, mo sì ní nínú ọkàn mi pé bóyá èyí á kọ́ ọ lọ́gbọ́n, bóyá mi ò ṣòfò.

Fóònù dún nínú àpò rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó wò ó, kò gbé e. Ó dákẹ́, ó tún dún.

"Ta nìyẹn?"

"Àǹtí mi." Ó fẹ́ fi fóònù náà pamọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, tí nọ́ńbà kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ bá pè yín…"

Mo já fóònù náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e, mo ní hẹ́lò.

"Ẹ kú ọ̀nà o, mà." Ọkùnrin ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti gbọ́ ariwo ọkọ̀. "A ń wá ẹni tó ni fóònù yìí, lórí owó tiwa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀?"

Mo wo Ódọ̀la. Imú ìyá mi ló gbé sójú, etí ìyá mi ló gbé sórí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ mí.

"Rárá," mo ní. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

"Kò burú, mà. Orúkọ méjì ló kọ. A máa pe ẹnì kejì."

Ó pa á. Mo fa fóònù tèmi yọ, ìka mi ń ṣi nọ́ńbà tẹ̀, mo pe ìyá mi. Wọ́n ní ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.